Bí Aláwàdà Tuntun Ṣe Lè Máa Rí Òde ní Abẹ́òkúta

Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ní Abẹ́òkúta ló ní ẹ̀bùn àwàdà lóòótọ́, tí wọ́n ń pa àwọn ẹgbẹ́ wọn lẹ́rìn-ín láti àárọ̀ di alẹ́, ṣùgbọ́n tí ẹnikẹ́ni kò tíì sanwó fún wọn rí kí wọ́n wá ṣe é lóde. Kì í sábà jẹ́ pé wọn kò mọṣẹ́. Wọn kò mọ ibi tí iṣẹ́ náà ti ń wá ni, wọ́n sì ń dúró de ìpè láti ọ̀dọ̀ ẹni tí kò mọ̀ pé wọ́n wà láyé. Ní àwọn ìlú òkèèrè, inú ilé ìgbafẹ́ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwàdà ni ẹni tuntun ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ní ọ̀dọ̀ tiwa níbí, inú ìgbéyàwó, ìsìnkú àgbà, ọjọ́ ìbí, ìṣílé, àpèjẹ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti ètò ọ̀dọ́ nínú ìjọ ni iṣẹ́ náà wà.

Èyí túmọ̀ sí pé ẹni tí ó di máìkì mú lóde ni ó ń pín iṣẹ́ àwàdà ní ìlú yìí. Atọ́kùn ètò ni mo ń sọ, àti alága ìdúró, alága ìjókòó, DJ, olùṣètò ayẹyẹ àti alábòójútó gbọ̀ngàn. Àwọn ni ẹbí máa ń bi léèrè pé, “Ṣé ẹ mọ aláwàdà kan?” Orúkọ tí ó bá kọ́kọ́ sọ sí wọn lọ́kàn ni wọn yóò dá. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ nísàlẹ̀ yìí dá lórí bí orúkọ náà yóò ṣe jẹ́ tìrẹ.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ní ìṣẹ́jú márùn-ún tí ó dá ọ lójú

Má ṣe wá òde kankan kí o tó ní àwàdà ìṣẹ́jú márùn-ún tí o lè ṣe láì wo ìwé, láì ṣì í sọ, níwájú ẹni tí kò mọ̀ ọ́ rí. Ìṣẹ́jú márùn-ún kò pọ̀ létí, ṣùgbọ́n ó gùn lẹ́nu ẹni tí èrò kò bá rẹ́rìn-ín sí. Kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ ní odindi gbólóhùn, kà á sókè, kí o sì fi fóònù rẹ ka àkókò rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ tí o kọ bá gba odindi ìṣẹ́jú márùn-ún nígbà tí o bá ń kà á nínú yàrá rẹ, ó ti gùn jù, nítorí pé ẹ̀rín náà ń gba àkókò tirẹ̀. Jẹ́ kí ó mọ ní ìwọ̀n ìṣẹ́jú mẹ́rin.

Lẹ́yìn náà, máa gé e. Wo ẹ̀fẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí o sì bi ara rẹ pé gbólóhùn mélòó ni ènìyàn ní láti gbọ́ kí ó tó rẹ́rìn-ín. Bí ó bá ju mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ fún ẹni tuntun, àwọn èrò òde kò ní ní sùúrù fún un, torí pé ọtí àti ẹran wà níwájú wọn, ẹ̀gbọ́n wọn tí wọ́n ti pẹ́ tí wọ́n ti rí sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Rí i pé ọ̀rọ̀ tí ó ń fa ẹ̀rín ni ó parí gbólóhùn náà. Ọ̀pọ̀ ẹni tuntun máa ń fi àlàyé kún un lẹ́yìn tí ẹ̀rín ti yẹ kí ó bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n á sì fi ẹnu ara wọn pa á.

Ohun tí ó wà láyìíká wa ni kí o fi ṣe é. Ọmọ Ẹ̀gbá tí ó jókòó lórí àga yóò tètè dá ọlọ́kadà tí ó ń gbé ènìyàn mẹ́ta láti Pansẹ́kẹ lọ sí Lafẹ́nwá mọ̀, yóò mọ bí wọ́n ṣe ń ná àdìrẹ ní Ìtòkú, yóò mọ àlejò tí ó gun Olúmọ dé ìdajì tí ó wá ń béèrè bóyá ọ̀nà mìíràn wà láti sọ̀ kalẹ̀, yóò sì mọ ìyá tí kò gbà pé ẹnikẹ́ni ti jẹun bí kò bá tíì jẹ láfún. Bí o bá gbọ́ ẹ̀ka èdè Ẹ̀gbá dáadáa, lò ó, torí pé inú àwọn àgbà máa ń dùn tí wọ́n bá gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọdé. Má ṣe kó ẹ̀fẹ̀ ẹlòmíràn láti orí Instagram wá. Fóònù wà lọ́wọ́ àwọn èrò náà bí ó ṣe wà lọ́wọ́ rẹ, àwọn atọ́kùn ètò sì máa ń rántí ẹni tí ó ń jí ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ sọ.

Ní oríṣi méjì. Èkíní gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí bàbá, ìyá ọkọ, pásítọ̀ àti àlùfáà lè jọ jókòó gbọ́ láì sí ẹni tí yóò wolẹ̀. Èyí ni yóò máa mú owó wá fún ọ ní Abẹ́òkúta, nítorí pé òde ẹbí ló pọ̀ jù. Èkejì lè jẹ́ ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́, tí ó lè ní èdè pijin nínú, torí pé àwọn ọmọ tí kò gbọ́ Yorùbá pọ̀ ní yunifásítì. Nínú méjèèjì, yẹra fún àbùkù ara ènìyàn, fún fífi ẹ̀sìn kan tako èkejì, fún òkú tí wọ́n ń sin lọ́wọ́ àti fún ìyàwó. Ìyàwó ṣe pàtàkì nínú èyí. Bí o bá fi ọkọ ṣe ẹ̀fẹ̀, gbogbo ènìyàn á rẹ́rìn-ín, ọkọ náà á sì rẹ́rìn-ín. Bí o bá fi bí ìyàwó ṣe rí ṣe ẹ̀fẹ̀, gbogbo ìhà kan gbọ̀ngàn náà ni yóò dákẹ́.

Ìgbésẹ̀ kejì: Dán an wò níbi tí àṣìṣe kò ti ní ná ọ ní nǹkan

Ní ilé ẹ̀kọ́ gíga, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń ṣe ọ̀sẹ̀ ẹ̀ka ẹ̀kọ́ àti àpèjẹ ìdágbére, wọ́n sì máa ń wá ẹni tí yóò dá wọn lára yá. Yunifásítì FUNAAB ní ọ̀nà Alábàtà wà níbí, Politẹ́kíníìkì Moshood Abíọ́lá wà níbí, Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ẹ̀kọ́ ti Ìjọba Àpapọ̀ sì wà ní Òṣíẹ̀lẹ̀. Ẹni tí ó yẹ kí o bá sọ̀rọ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n yàn láti bójú tó ọ̀rọ̀ fàájì nínú ẹgbẹ́ wọn. Ètò àwọn ọ̀dọ́ nínú ìjọ náà dára fún ìdánwò, torí pé ibẹ̀ ni wàá ti mọ̀ bóyá àwàdà mímọ́ tí o sọ pé o ní mọ́ lóòótọ́.

Ọ̀nà kan tún wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í rántí. Bẹ atọ́kùn ètò kan tí o mọ̀ pé kí ó fún ọ ní ìṣẹ́jú mẹ́ta lóde tí ó ń lọ, ní àkókò tí wọ́n ń dúró de kí ọkọ àti ìyàwó pààrọ̀ aṣọ. Àkókò yẹn máa ń nira fún atọ́kùn fúnra rẹ̀, torí náà ìrànlọ́wọ́ ni o ń ṣe fún un.

Rédíò náà wà. OGBC, Rockcity àti Sweet FM wà nínú ìlú yìí, wọ́n sì ní ètò tí àwọn olùgbọ́ ń pè sí. Ẹni tí ó bá ń pe ètò kan déédéé, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í pẹ́ tí ó sì ń pa olóòtú lẹ́rìn-ín, kò ní pẹ́ tí wọn yóò fi dá ohùn rẹ̀ mọ̀. Olóògbé Gbénga Adébóyè, tí ó kú ní ọdún 2003, jẹ́ ẹ̀rí ńlá lórí èyí, torí pé sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò ni, aláwàdà ni, atọ́kùn ètò ni pẹ̀lú, ọ̀kan nínú iṣẹ́ wọ̀nyí sì ń gbé èkejì lárugẹ.

Ní ti òde ọ̀fẹ́, èrò tèmi ni pé kò burú bí o bá máa rí ọ̀kan nínú ohun mẹ́ta gbà níbẹ̀: fídíò tí ó dára, ẹni tí ó lè pè ọ́ sí òde mìíràn, tàbí àyè láti dán ọ̀rọ̀ tuntun wò. Bí kò bá sí ọ̀kankan nínú wọn, tí wọ́n sì ń gba owó ìwọlé lọ́wọ́ èrò, tí wọ́n san owó fún DJ àti ẹni tí ó gbé àga wá, iṣẹ́ ni wọ́n fẹ́ kí o ṣe, ó sì yẹ kí wọ́n sanwó rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Fídíò rẹ

Atọ́kùn ètò kò ní fi orúkọ rẹ̀ dúró fún ọ láì rí ohun tí o lè ṣe. Gbé fóònù sórí nǹkan tí kò ní mì, ní ẹ̀gbẹ́ kan níbi tí yóò ti rí ọ, tí yóò sì rí díẹ̀ lára àwọn tí ó ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín àwọn èrò ni ẹ̀rí rẹ, torí náà má ṣe ká a nínú yàrá rẹ nìkan. Má ṣe gbé fóònù náà síwájú ẹ̀rọ asọ̀rọ̀ ńlá, nítorí pé ohùn rẹ yóò fọ́. Ní odindi fídíò kan tí o kò gé, tí yóò fi hàn pé o lè di èrò mú láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí o sì ní èyí tí kò ju ìṣẹ́jú kan lọ tí àwọn ènìyàn lè fi sórí WhatsApp wọn. Kọ orúkọ rẹ, “aláwàdà, Abẹ́òkúta” àti nọ́ńbà rẹ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹbí tí ó ni òde kí o tó gbé ojú wọn síta.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Bí o ṣe máa bá àwọn tí ó ń pín iṣẹ́ sọ̀rọ̀

Kọ orúkọ àwọn atọ́kùn ètò, alága, DJ àti olùṣètò ayẹyẹ tí o mọ̀ tàbí tí o ti rí lẹ́nu iṣẹ́ sínú ìwé kan. Lọ wo àwọn tí o kò tíì rí. Àwọn gbọ̀ngàn tí ó wà ní Kútọ̀, Òkè-Ìlẹ̀wọ́, Ìbarà àti Ọbàntókò kì í ṣófo ní ọ̀pọ̀ Sátidé, bẹ́ẹ̀ ni Gbọ̀ngàn Àṣà June 12 àti Ilé Ìkàwé Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ máa ń gba òde ńlá. Alábòójútó gbọ̀ngàn mọ gbogbo atọ́kùn tí ó ń wá síbẹ̀, ó sì mọ èyí tí ó ń ṣe dáadáa.

Má ṣe ránṣẹ́ sí wọn ní Ọjọ́ Ẹtì tàbí Sátidé, torí pé inú òde ni wọ́n wà. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́rú dára jù. Ẹni tí ó bá ju ọ́ lọ dáadáa, pè é lórí fóònù, kí o sì kí i kí o tó sọ ohun tí o fẹ́. Bí ó bá jẹ́ iṣẹ́ orí WhatsApp ni, ó lè lọ báyìí:

“Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Lágbájá ni orúkọ mi, aláwàdà ni mí, Àsẹ́rò ni mò ń gbé. Mo wà níbi ìgbéyàwó tí ẹ tọ́kùn rẹ̀ ní Kútọ̀ ní Sátidé tó kọjá, mo sì gbádùn bí ẹ ṣe fi ẹ̀rín parí ọ̀rọ̀ àga láàárín ẹbí méjèèjì. Mo ní àwàdà ìṣẹ́jú márùn-ún ní èdè Yorùbá, èyí tí bàbá àti ọmọ lè jọ gbọ́. Fídíò rẹ̀ nìyí. Bí ẹ bá ní òde tí ẹ ti fẹ́ ẹni tí yóò gba máìkì fún ìgbà díẹ̀ kí ẹ lè sinmi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ rántí mi. Ẹ ṣé gan-an, sà.”

Wo ohun tí ó wà nínú rẹ̀: ó fi hàn pé o mọ iṣẹ́ ẹni náà, ó sọ ohun tí o ní àti bí ó ṣe gùn tó, kò sì bẹ̀bẹ̀ fún àánú. Bí kò bá fèsì, dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì kí o tó tún kí i, kí ìkíni náà sì jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan. Lẹ́yìn ìyẹn, fídíò tuntun nìkan ni kí o máa fi ránṣẹ́ sí i. Iṣẹ́ “ẹ káàárọ̀, ẹ rántí mi” ní gbogbo òwúrọ̀ ló máa ń jẹ́ kí àwọn àgbà dí nọ́ńbà ènìyàn.

Òfin kan wà níbí tí mo fẹ́ kí o di mú ṣinṣin. Bí atọ́kùn bá mú ọ lọ sóde, oníbàárà rẹ̀ ni oníbàárà náà. Bí ẹni tí ó ni òde bá béèrè nọ́ńbà rẹ, sọ fún atọ́kùn náà kí o tó fún un. Tún béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ṣáájú bóyá yóò yọ nǹkan nínú owó rẹ, àti iye tí yóò jẹ́, kí ọ̀rọ̀ má bàa di àríyànjiyàn lẹ́yìn òde. Ẹni tí ó bá ń gba ẹ̀yìn atọ́kùn lọ bá oníbàárà lè rí òde kan tàbí méjì gbà lọ́nà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn atọ́kùn ìlú yìí mọ ara wọn.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Owó àti àdéhùn

Nígbà tí wọ́n bá pè ọ́, má ṣe sọ iye kankan títí o fi mọ ọjọ́, aago, ibi tí òde wà, irú ayẹyẹ tí ó jẹ́, iye èrò tí wọ́n ń retí, bóyá àgbà tàbí ọ̀dọ́ ló pọ̀ jù, ìṣẹ́jú mélòó ni wọ́n fẹ́, èdè wo ni wọ́n fẹ́, àti ẹni tí yóò san owó náà. Béèrè bóyá ohun kan wà tí ẹbí kò fẹ́ kí a dárúkọ. Ìbéèrè kan ṣoṣo yìí ti gba ọ̀pọ̀ aláwàdà lọ́wọ́ ìtìjú.

“Ohunkóhun tí ẹ bá ní” kì í ṣe iye. Ṣírò owó ọkọ̀ lọ àti bọ̀, aṣọ, àti ọjọ́ tí iṣẹ́ náà yóò gbà lọ́wọ́ rẹ, kí o sì bi àwọn tí wọ́n jọ ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ léèrè iye tí wọ́n ń gbà, kí o má bàa ba ọjà jẹ́ fún ara yín. Gba ìdajì owó sílẹ̀ nígbà tí ẹ bá fẹnu kò, kí wọ́n sì san ìyókù kí o tó gba máìkì. Lẹ́yìn tí òde bá tú, ẹni tí ó ni í ti rẹ̀, owó ti tán, gbogbo ènìyàn sì ń wá a. Owó tí wọ́n bá ná fún ọ lóde kò sí nínú owó iṣẹ́, má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi í rọ́pò rẹ̀.

Kò dìgbà tí o bá lọ bá lọ́yà. Kọ àdéhùn náà sórí WhatsApp ní gbólóhùn mẹ́rin tàbí márùn-ún, kí o sì ní kí ẹni náà fèsì pé ó gbà. Kọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí wọ́n bá sún ọjọ́ síwájú: pé owó àsansílẹ̀ dúró fún ọjọ́ tuntun bí o bá ráyè, àti pé kì í padà bí wọ́n bá fagi lé e nígbà tí ọjọ́ ti kù sí dẹ̀dẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ọjọ́ òde gan-an

Òde kìíní ló ń bí èkejì, nítorí náà ibí ni kí o fi ọkàn sí jù lọ. Dé ibẹ̀ ní wákàtí kan ṣáájú, bí o tilẹ̀ mọ̀ pé òde kò ní bẹ̀rẹ̀ lásìkò. Lọ kí atọ́kùn, lọ kí DJ tàbí olórin, kí o sì dán máìkì wò, torí pé ohùn máa ń ró padà nínú gbọ̀ngàn ńlá, tí ó bá sì rí bẹ́ẹ̀, o ní láti dín ìyára ọ̀rọ̀ rẹ kù.

Bẹ atọ́kùn pé kí ó pè ọ́ kí wọ́n tó pín oúnjẹ. Mi ò mọ ohun mìíràn tí ó ń pa àwàdà lóde bí ìgbà tí àwọn agbóúnjẹ bá ń gba àárín tábìlì kọjá, tí ojú gbogbo ènìyàn sì ń tẹ̀ lé àwo. Bí kò bá ṣeé ṣe, ó sàn kí o dúró títí wọn yóò fi jẹun tán. Má ṣe gba máìkì lẹ́yìn olórin tí àwọn èrò ṣẹ̀ṣẹ̀ jó sí orin rẹ̀, àyàfi bí atọ́kùn bá kọ́kọ́ mú kí wọ́n jókòó. Sì bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fi ọwọ́ ṣe àmì sí ọ nígbà tí ó bá ku ìṣẹ́jú kan.

Nígbà tí o bá gba máìkì, kí àwọn àgbà, kí àwọn tí ó ni òde, kí ìkíni náà má sì pẹ́. Gbìyànjú kí ẹ̀rín kìíní ti dé láàárín ìdajì ìṣẹ́jú. Bí o bá rí ohun kan tí ó ṣẹlẹ̀ nínú gbọ̀ngàn kí o tó gun orí pèpéle, fi í ṣí ọ̀rọ̀, torí pé àwọn èrò yóò mọ̀ pé àwọn ni o wá bá. Bí iná bá lọ, tí wọ́n sì ń ṣaápọn láti tan jẹnẹrétọ̀, sún mọ́ àwọn tábìlì iwájú, kí o sì máa bá wọn sọ̀rọ̀ láì sí máìkì. Aláwàdà tí ó bá gbé òde ró ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, orúkọ rẹ̀ ni àwọn ènìyàn máa ń béèrè kí wọ́n tó lọ.

Bí wọn kò bá rẹ́rìn-ín, má ṣe bú wọn, má sì ṣe sọ pé ẹ̀fẹ̀ náà ga jù wọ́n. Sọ èyí tí ó dá ọ lójú jù, dúpẹ́, kí o sì sọ̀ kalẹ̀. Àti ní gbogbo ọ̀nà, má ṣe kọjá àkókò rẹ. Ìṣẹ́jú márùn-ún tí o bá fi mẹ́rin ààbọ̀ ṣe yóò jẹ́ kí atọ́kùn tún pè ọ́. Márùn-ún tí o bá fi mẹ́wàá ṣe yóò jẹ́ kí ó máa ṣọ́ ọ títí láé, bí ẹ̀rín tilẹ̀ pọ̀.

Lẹ́yìn òde

Ní ọjọ́ kejì, ránṣẹ́ ìdúpẹ́ sí atọ́kùn àti ẹni tí ó ni òde, kí o sì béèrè fún fídíò lọ́wọ́ ayafídíò wọn. Kọ ẹ̀fẹ̀ tí o lò sílẹ̀, gbọ̀ngàn tí o ti lò ó, àti irú ẹbí tí ó jẹ́. Ẹbí Abẹ́òkúta pọ̀, wọ́n sì ń fẹ́ ara wọn. Àwọn tí ó gbọ́ ọ ní Ìbarà lósù yìí lè jókòó síwájú rẹ ní Lafẹ́nwá lósù tó ń bọ̀, wọn yóò sì rántí.

Mọ ìgbà tí òde ń pọ̀. Oṣù Kejìlá ló pọ̀ jù, Àjíǹde àti ìtùnú ààwẹ̀ náà sì ní tiwọn, bẹ́ẹ̀ ni ọdún Lísàbí máa ń kó àwọn ọmọ Ẹ̀gbá wálé. Fún òde oṣù Kejìlá, oṣù Kẹwàá ni kí o ti máa bá àwọn atọ́kùn sọ̀rọ̀. Nínú ààwẹ̀ Rámádáànì, òde máa ń dín kù, nítorí náà lo àkókò yẹn láti kọ ọ̀rọ̀ tuntun, tàbí kí o wọ ọkọ̀ ojú irin ní ibùdókọ̀ Wọlé Ṣóyinká ní Láderin lọ sí Èkó tàbí Ìbàdàn, kí o lọ ṣe àwàdà rẹ níwájú àwọn tí kò mọ̀ ọ́.

Bí òde bá ti ń wọlé déédéé, kọ́ iṣẹ́ atọ́kùn ètò fúnra rẹ. Gbénga Adéyinká, ọmọ Ẹ̀gbá tí ó ń gbé ètò àwàdà Laffmattazz káàkiri àwọn ìlú Yorùbá tí ó sì ti gbé e dé Abẹ́òkúta, jẹ́ aláwàdà àti atọ́kùn pa pọ̀, ọ̀pọ̀ àwọn tí ó pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ yìí ló sì rí bẹ́ẹ̀. Ẹbí tí kò lè sanwó fún ènìyàn méjì lè san fún ẹnì kan tí ó mọ iṣẹ́ méjèèjì. Bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ ìbí àwọn ọmọdé àti ìkómọjáde, níbi tí ètò kò ti gùn. Nígbà tí wọ́n bá sì fi òde tìrẹ lé ọ lọ́wọ́, tí ọ̀dọ́ kan bá wá bẹ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta ní àkókò tí ìyàwó ń pààrọ̀ aṣọ, wo fídíò rẹ̀, bi í bóyá ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́, kí o sì fún un.